Alùpùpù Wà, Ṣọ́ọ̀bù Ti Kógbá Sílé: Bí Harley-Davidson Ṣe Fi Íńdíà Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 24 oṣù September ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Harley-Davidson kéde pé òun ò ní ta alùpùpù mọ́ ní Íńdíà, òun yóò sì ti ilé iṣẹ́ tí òun ní ní Bawal, ìpínlẹ̀ Haryana. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde bí ọ̀rọ̀ okòwò: owó ibodè tó ga, ọjà tí kò yá, ọ̀gá tuntun tó fẹ́ dín ìnáwó kù. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù ni ẹni tó ti ra alùpùpù tirẹ̀ tán, tó ṣì ń san gbèsè rẹ̀ fún báńkì, tí wáràǹtì rẹ̀ kò tíì tán, tó wá gbọ́ lójijì pé ṣọ́ọ̀bù tí òun ti rà á lè má sí mọ́ tí ọdún bá fi parí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹni yìí sanwó fún ni kò gbé lọ sílé lọ́jọ́ tó ra alùpùpù. Ọwọ́ alágbàtà ló fi í sí. Ohun tí mo fẹ́ tẹ̀ lé nínú àkọsílẹ̀ yìí nìyẹn: kí ni nǹkan ọ̀hún, báwo ló ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mélòó nínú rẹ̀ ló sì padà wá.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé

Máńgòrò ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ní 2007, Amẹ́ríkà gbà kí máńgòrò Íńdíà máa wọ ọjà òun, Íńdíà náà sì gbà kí àwọn alùpùpù ńláńlá bíi ti Harley máa wọlé. Síbẹ̀, owó ibodè orí wọn ṣì ga débi pé ó di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà tó dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Íńdíà, ó sì di 2010 kí alágbàtà àkọ́kọ́ tó ṣílẹ̀kùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Bawal bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to àwọn ẹ̀yà tó ti òkèèrè wá pọ̀, nítorí owó ibodè tí ìjọba ń gbà lórí ẹ̀yà kéré sí èyí tó ń gbà lórí odindi alùpùpù.

Street 750 ló wá sọ Harley di ohun tí ọwọ́ èèyàn púpọ̀ lè tó. Ní 2014 ló jáde, Bawal ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 749 cc, omi ló sì ń tù ú. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ tà á jẹ́ 410,000 rúpíì, èyí tó fi púpọ̀ rẹlẹ̀ sí iye àwọn Harley yòókù nínú ọjà náà. Ẹni tó ń gba owó oṣù lè fi í ṣe Harley àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé sọ́kàn, torí lójú tèmi, àwọn ni ìyà ọ̀rọ̀ yìí jẹ jù.

Ọjà náà kò dàgbà bí wọ́n ṣe rò. Ní 2018, lẹ́yìn tí Ààrẹ Donald Trump ti ráhùn ní gbangba nípa owó ibodè náà, Íńdíà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún odindi alùpùpù tó ń wọlé. Ìyẹn náà kò gbé ọjà dìde. Nínú ọdún ìṣúná tó parí ní March 2020, iye Harley tí wọ́n tà ní gbogbo Íńdíà kò tó 2,500, ní orílẹ̀-èdè tó ń ra ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì bíi mílíọ̀nù 17 lọ́dún.

Òṣìṣẹ́ 70, òṣìṣẹ́ 2,000

Jochen Zeitz, tó di ọ̀gá àgbà Harley-Davidson ní 2020, gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Rewire. Èrò rẹ̀ ni pé kí ilé iṣẹ́ gbájú mọ́ àwọn ọjà bí 50 tí èrè ti lè wá, kí ó sì yọwọ́ nínú èyí tí iye tí wọ́n ń tà kò tó nǹkan. Íńdíà bọ́ sí apá tí wọ́n yọwọ́. Ìwé tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà sọ pé àtúntò ọdún náà yóò ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 dọ́là, àti pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bí 70 ní Íńdíà.

FADA, ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà ọkọ̀ ní Íńdíà, gbé iye mìíràn jáde. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà nígbà náà, Vinkesh Gulati, sọ pé alágbàtà 35 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, pé òṣìṣẹ́ tó tó 2,000 ni iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti pé àdánù àwọn alágbàtà lè tó bílíọ̀nù 1.3 rúpíì. Ó ní ilé iṣẹ́ náà kò sọ fún àwọn alágbàtà ṣáájú kí ìròyìn tó jáde.

Mo dúró díẹ̀ lórí 70 àti 2,000 yìí, nítorí inú àlàfo àárín méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn 70 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn 2,000 ni ọmọbìnrin tó ń gba èèyàn ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá sítóò tó mọ ibi tí fílítà wà láìwo ìwé, mẹkáníìkì tó ti tú ẹ́ńjìnnì kan náà palẹ̀ débi pé ó ń gbọ́ àìsàn rẹ̀ láti òkèèrè. Ẹni tó ni Harley lè gùn ún fún ọdún mẹ́wàá kó má pàdé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn 70. Àwọn 2,000 ló mọ̀, àwọn ló ń sáré tọ̀ lọ tí iná kan bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kò sì ka àwọn yẹn kún òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Alágbàtà fúnra rẹ̀ kò rọ́nà lọ ní ìrọ̀rùn. Ìlànà ilé iṣẹ́ ló fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láti orí àwọ̀ ògiri dé orí àga ìjókòó àti irinṣẹ́ inú wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Irinṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ́ńjìnnì Harley kò wúlò fún ọjà ẹlòmíràn. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ yóò sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù December 2020. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín ìkéde àti òpin yìí, nínú ọdún tí àrùn Kòrónà ti ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ alágbàtà

Ẹni tó ra Harley tí alágbàtà rẹ̀ lọ dà bí ẹni tó ra ilé, tí kànga ilé náà wà lágbàlá aládùúgbò. Ilé ṣì jẹ́ tirẹ̀, ìwé rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí aládùúgbò bá ti géètì ni yóò mọ ohun tí kò rà.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ̀ǹpútà ṣáájú. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń darí bí epo àti iná ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì Harley òde òní. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan wà tí ilé iṣẹ́ ń kó fún alágbàtà, Digital Technician ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà náà kọ sílẹ̀, òun ló ń gbé ìlànà tuntun sí i, òun ló sì ń jẹ́ kí alùpùpù dá kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà lọ́jà tó lè ka àṣìṣe, mẹkáníìkì aládàáni tó já fáfá sì lè fi wọ́n ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀yà tó ní í ṣe pẹ̀lú ààbò bá bàjẹ́, tí wọ́n sì ní láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ó ṣòro kí alùpùpù tó gbà á láìsí ẹ̀rọ alágbàtà yẹn.

Àpẹẹrẹ tó yé èèyàn jù ni bíréèkì. Ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ omi bíréèkì ní ọdún méjì-méjì. Omi yìí máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí ó bá sì ti fa á tó, kì í pẹ́ hó mọ́ tí bíréèkì bá gbóná, ọwọ́ bíréèkì á wá rọ̀ nígbà tí èèyàn nílò rẹ̀ jù. Lórí alùpùpù tó ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há pa nígbà tí èèyàn bá tẹ bíréèkì, apá kan omi náà wà nínú ẹ̀rọ ABS fúnra rẹ̀. Ìlànà tó pé ni pé kí wọ́n so Digital Technician mọ́ ọn, kó ṣí àwọn fáàfù inú rẹ̀, kí ògbólógbòó omi lè jáde. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ náà lè pààrọ̀ omi inú rọ́bà àti ti ẹnu táyà, kó dá alùpùpù padà fún olówó rẹ̀, kí gbogbo nǹkan sì rí bó ṣe yẹ, nígbà tí omi àtijọ́ ṣì wà níbi tí ojú kò tó. Ẹ̀mí ni eléyìí. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ àti ohun ìṣeré wọn nìyí.

Ti ẹ̀yà ara alùpùpù kò tó bẹ́ẹ̀ le, ó kàn ń tán èèyàn ní sùúrù ni. Bíréèkì páàdì, pílọ́ọ̀gì, fílítà àti táyà, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àmọ́ wáyà, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, gásíkẹ́ẹ̀tì kan pàtó àti ìbòrí ẹ́ńjìnnì, nípasẹ̀ alágbàtà ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ ra ọ̀kan láti òkèèrè yóò san owó ẹ̀yà, owó ìfiránṣẹ́ àti owó ibodè, tí ó bá sì ṣèèṣì ra èyí tí kò bá ọdún alùpùpù rẹ̀ mu, ta ni yóò dá a padà fún? Nínú oṣù mẹ́ta tí gbogbo nǹkan ń dúró de December yẹn, ẹ tún wo ipò alágbàtà: ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò wà ní January kò ní kó ẹ̀yà tuntun sí sítóò ní November.

Wáràǹtì náà ńkọ́? Ilé iṣẹ́ sọ pé òun yóò bọ̀wọ̀ fún un. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n alágbàtà tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ wáràǹtì, alùpùpù kò sì ṣeé fi sínú àpò ránṣẹ́. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ní 1,600 kìlómítà, lẹ́yìn ìyẹn ó di gbogbo 8,000 kìlómítà. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ọn jù bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ, yóò sùn síbẹ̀, yóò sì gùn ún bọ̀, kó tó lè sọ pé òun tọ́jú rẹ̀ bí ìwé ṣe wí.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan, ìyẹn ẹgbẹ́. Láti 1983 ni Harley-Davidson ti ní ẹgbẹ́ àwọn tó ni alùpùpù rẹ̀, Harley Owners Group, tí gbogbo ayé ń pè ní HOG. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní láti ní alágbàtà tó jẹ́ onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ní Íńdíà, Mumbai ní Seven Islands, Hyderabad ní Banjara, wọ́n sì máa ń kóra jọ sí Goa fún ìpàdé ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó gbéra. Tí alágbàtà bá lọ, ẹ̀ka náà pàdánù onígbọ̀wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ṣì lè máa jọ gùn, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tuntun ti ń wọlé, tí àgbà ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn ní ìlà lójú títì márosẹ̀, ibẹ̀ ti pa dé.

Iye tí wọ́n lè ta alùpùpù àlòkù náà ṣubú lọ́nà tirẹ̀. Kódà kí ìkéde tó jáde, ní August 2020, wọ́n ti gé 65,000 rúpíì kúrò lára Street 750, ó sì di 469,000 rúpíì. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ̀dínwó gé iye alùpùpù rẹ̀, ìkéde September sì lé àwọn tí ì bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sá.

Hero dé

Ní ọjọ́ 27 oṣù October 2020, àdéhùn tuntun jáde. Hero MotoCorp, ilé iṣẹ́ Íńdíà tó wà lára àwọn tó ń ta ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì jù lọ lágbàáyé, yóò máa kó Harley wọlé, yóò máa tà á, yóò máa tún un ṣe, yóò sì máa ta ẹ̀yà rẹ̀. Yóò tún ṣe alùpùpù mìíràn tí yóò jẹ́ orúkọ Harley. January 2021 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ èyí gbangba: oore ni àdéhùn náà jẹ́ fún àwọn tó ni Harley. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti lọ láìfi irú afárá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Hero sì lówó, ó mọ ọjà náà, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí yóò pòórá lọ́la. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tó fi di 2021, ohun tí Hero kéde ni ṣọ́ọ̀bù kíkún 14 àti ibi àtúnṣe 7. FADA ti ka alágbàtà 35 ṣáájú. Díẹ̀ nínú àwọn alágbàtà àtijọ́ bá Hero lọ, àwọn yòókù kò bá a lọ. Ẹni tó ń gbé nítòsí ọ̀kan nínú àwọn tó bá Hero lọ lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ìlú rẹ̀ bọ́ sí apá kejì ń ka kìlómítà.

Kò sì sí àdéhùn tó mú Bawal padà. Ibẹ̀ ni Street 750 ti ń jáde, nígbà tí Bawal sì dákẹ́, Street 750 náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn Harley ńlá, nítorí náà ẹ̀yà inú Fat Boy tàbí Iron 883 kò ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ni Harley olówó gọbọi ṣì ń gun ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń ṣe ẹ̀yà rẹ̀ jáde. Ẹni tó tiraka ra èyí tó rọjú jù ló wá ń gun ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn yìí ni ilé iṣẹ́ náà fi Street 750 pè wọlé.

Òfin Íńdíà kò ran alágbàtà lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ fòpin sí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú alágbàtà ọkọ̀ ní láti fún un ní ìwé ṣáájú, kó sì ra ọjà àti ẹ̀yà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Irú òfin tó dìídì dá lé alágbàtà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí ní Íńdíà, ohun tó bá wà nínú àdéhùn nìkan ló wà. Àwọn alágbàtà General Motors ti rí i nígbà tí ilé iṣẹ́ náà dá títa ọkọ̀ níbẹ̀ dúró ní òpin 2017. FADA ń pariwo pé kí wọ́n ṣòfin, ní December 2020 sì ni ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin Íńdíà dábàá irú òfin ọ̀hún. Ní September 2021, Ford náà kéde pé òun kò ní ṣe ọkọ̀ ní Íńdíà mọ́. Lójú tèmi, òfin yìí kan ẹni tó ra ọkọ̀ bó ṣe kan alágbàtà. Alágbàtà tó mọ̀ pé wọn yóò ra ẹ̀yà òun padà kò ní bẹ̀rù láti kó wọn sí sítóò títí di ọjọ́ ìkẹyìn, mẹkáníìkì rẹ̀ kò sì ní tètè wáṣẹ́ síbòmíràn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù July 2023, Harley àti Hero gbé X440 jáde, ẹ́ńjìnnì 440 cc, iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 229,000 rúpíì, wọ́n sì ń ṣe é ní Neemrana, ìpínlẹ̀ Rajasthan. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ láti rà á lé ní 25,000, nígbà tí Harley tí wọ́n tà ní odindi ọdún ìṣúná kan ṣáájú kò tó 2,500. Àwọn ibi tí orúkọ Harley wà tún ń pọ̀ sí i. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n X440 ní sílíńdà kan, afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tù ú. Ẹ́ńjìnnì Milwaukee-Eight 114, tó wà nínú àwọn Harley ńlá kan, ní sílíńdà méjì, ó sì jẹ́ 1,868 cc. Kí ẹni tó ni èyí tó tóbi béèrè dáadáa kó tó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó kéré: ṣé mẹkáníìkì ibẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó bá a mu sì wà níbẹ̀?

Tí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bá ṣì kù

Ọ̀ràn Íńdíà fi hàn pé àkókò tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ni alùpùpù ni àárín ọjọ́ ìkéde àti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, orúkọ yòówù kí alùpùpù rẹ̀ jẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ gba àkọsílẹ̀ gbogbo ìtọ́jú tí wọ́n ti ṣe sí i, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i, torí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù lè bá ṣọ́ọ̀bù lọ. Kí ó jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà férémù wò ó bóyá ilé iṣẹ́ ti pe irú rẹ̀ padà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́ kan tí wọn kò tíì ṣe. Kí wọ́n pààrọ̀ omi bíréèkì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó pé, kódà tí ọdún méjì kò tíì pé. Kí ó gba kọ́kọ́rọ́ kejì, kí wọ́n jẹ́ kí alùpùpù dá a mọ̀ lójú rẹ̀, kí ó sì rí i pé òun mọ PIN tí wọ́n fi ń ṣí i tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. Ohunkóhun tó bá ní í ṣe pẹ̀lú wáràǹtì, kí ó fi sí ìwé pẹ̀lú déètì, kí ó má ṣe gba ti ẹnu. Ìwé àtúnṣe tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, èyí tó ju ìwé kékeré tí wọ́n ń fún oníbàárà lọ, kí ó rà á nígbà tó ṣì wà.

Kí ó sì gba nọ́ńbà fóònù mẹkáníìkì tó máa ń tọ́jú alùpùpù rẹ̀, kí ó bi í léèrè ibi tó ń lọ.